Ìdí Tí Ẹ́ńjìnnì Fi Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Àtúnṣe Ọwọ́ Ẹni

Ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe kì í sábà jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Nǹkan kan ló kúrò ní ipò rẹ̀ nígbà tí sípánà wà lọ́wọ́, ohun náà sì sábà máa ń kéré: rọ́bà tí kò wọlé tán, wáyà tó jókòó láìfọwọ́ kan ibi tó yẹ, họ́ọ̀sì tó ya lábẹ́ níbi tí ojú kò dé. Ìbéèrè tí orí yìí ń dáhùn ni ọ̀nà tí èèyàn lè gbà mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn kó tó náwó sórí ẹ̀yà ọkọ̀ kankan.

Ìbéèrè náà kan ará Ìfisìn-Èkìtì ju bó ṣe kan ará Èkó lọ. Láti Ìfisìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, ẹni tó bá ń wá ẹ̀yà ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n lè ní láti forí lé Adó-Èkìtì, ọkọ̀ tó ń gbọ̀n náà ló sì máa gbé e lọ, lójú ọ̀nà tó ń gun òkè tó sì tún ń dagẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí iye lítà kan sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, sílíńdà kan tó ń da epo nù láìjó ti di ìnáwó gidi.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń ṣiṣẹ́ lórí ìlànà tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ọdún 1876. Sílíńdà ni ihò roboto tó wà nínú irin ẹ́ńjìnnì, písítìnì sì ni irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Ìrìn mẹ́rin ni písítìnì máa ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Iná ṣẹ́, àdàlú náà gbaná, ó ti písítìnì sọ̀ kalẹ̀. Písítìnì tún gòkè, ó lé èéfín jáde gba sàlẹ́ńsà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìrìn kẹta nìkan ló ń fún ọkọ̀ lágbára, àwọn mẹ́ta yòókù ń jẹ nínú agbára náà ni.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to sílíńdà mẹ́rin pọ̀ nínú ọkọ̀ bíi Toyota Corolla, kí wọ́n lè máa gbaná ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo, tí ọmọ odó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró. Bí ìró náà bá dọ́gba, odó á dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹnì kan nínú wọn bá gbé ọmọ odó sókè tí kò sọ ọ́ kalẹ̀, àlàfo á wọ inú ìró náà, odó á sì máa yẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan láìtẹ̀ ẹ́ níná, ìyẹn ipò tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síló, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbaná nínú yíyí méjì, ìyẹn ìgbà 350 ní ìṣẹ́jú. Bí sílíńdà kan bá dákẹ́, àlàfo 350 ló wọ inú ìṣẹ́jú yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbígbọ̀n tí ìdí ń mọ̀ lórí ìjókòó tí ọwọ́ sì ń mọ̀ lórí sítíárì nìyẹn. “Ó ń míìsì” ni àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ. Nínú orí yìí, ìpàdánù iná ni orúkọ rẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni sílíńdà nílò kí ó má bàa pàdánù iná: afẹ́fẹ́, epo, iná àti ìfúnpọ̀. Afẹ́fẹ́ àti epo ní ìwọ̀n tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dàpọ̀. Kílò epo bẹntiróòlù kan ń fẹ́ kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán pátápátá. Èyí túmọ̀ sí pé lítà epo kan ń gbé tó lítà afẹ́fẹ́ 9,000 mì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé epo ni ọkọ̀ ń jẹ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń jẹ jù, ìdí sì nìyí tí ihò kékeré lára họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ fi lè dá wàhálà tó pọ̀ sílẹ̀. Ní ti iná, iná bátìrì fọ́ltì 12 kò lè fò kọjá àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì, ẹ̀yà tí iná ti ń ṣẹ́ nínú sílíńdà. Kọ́ìlì ló ń sọ fọ́ltì 12 náà di ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iná tó lè ṣẹ́ níbẹ̀. Ìfúnpọ̀ ni agbára tí písítìnì fi há àdàlú náà mọ́lẹ̀ kó tó gbaná. Àdàlú tí kò há kì í jó dáadáa, bí iná tó ṣẹ́ ti wù kó pọ̀ tó.

Ọkọ̀ tó ń lọ dáadáa lánàá, tó wá ń gbọ̀n lónìí lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kò ní ìdí láti ní àrùn tuntun tí kò bá púlọ́ọ̀gì tan. Gbogbo ohun tí ọwọ́ kàn ni kí ojú kọ́kọ́ padà sí, títí kan ohun tí wọ́n kàn ṣí kúrò lọ́nà kí ọwọ́ tó lè dé ibi iṣẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á máa wo ẹ̀yà tí wọ́n pààrọ̀, wọ́n á gbàgbé họ́ọ̀sì tí wọ́n fà yọ láti ráyè. Epo nìkan ló lè dá ọ̀rọ̀ náà rú. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó títa epo, kéde pé epo bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kò fẹ́ afẹ́fẹ́ tó bí epo bẹntiróòlù ṣe fẹ́ ẹ, ó sì máa ń fa omi mọ́ra. Ọkọ̀ tó bá mu irú epo bẹ́ẹ̀ lè gbọ̀n láìsí ẹ̀bi ẹni tó tún un ṣe. Nítorí náà, ó dára kí èèyàn rántí bóyá ó ra epo ní àárín ìgbà tó ṣe àtúnṣe sí ìgbà tí gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀.

Kí sípánà tó tún jáde, ìgbà tí ọkọ̀ ń gbọ̀n yẹ ní kíkíyèsí, nítorí pé ó ń tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní síló, àmọ́ tó ń dára bó ti ń sáré, afẹ́fẹ́ ló sábà ń jò wọ inú rẹ̀. Ní síló, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán, díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń wọlé. Bí ihò kan bá wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà, afẹ́fẹ́ tó ń gba ihò wọlé lè pọ̀ tó láti da ìwọ̀n rú pátápátá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, ìlẹ̀kùn ti ṣí gbayawu, afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ ń wọlé, ti inú ihò yẹn kò sì já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Òdìkejì rẹ̀ ni ọkọ̀ tí síló rẹ̀ dára, tó wá ń jẹ́ẹ̀kì bó bá ń gun òkè. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ àti epo tó wọ sílíńdà pọ̀, písítìnì sì ń fún wọn pọ̀ gidigidi. Bí àdàlú bá ṣe há tó ni ó ṣe máa ṣòro fún iná láti fò kọjá láàárín rẹ̀, kọ́ìlì gbọ́dọ̀ fi fọ́ltì kún un. Bí àlébù bá wà lára púlọ́ọ̀gì tàbí rọ́bà kọ́ìlì, iná á wá ọ̀nà tó rọrùn jù: á gba ara púlọ́ọ̀gì lọ sí irin ẹ́ńjìnnì lóde, inú sílíńdà á sì ṣókùnkùn. Ìgbà yìí kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ epo jù, nítorí náà fílítà epo tó dí tàbí pọ́ǹpù tó ti rẹ̀ lè farahàn lọ́nà kan náà. Àwọn òkè àríwá Èkìtì dára fún ìdánwò yìí. Ọkọ̀ tí kò jẹ́ẹ̀kì rárá lójú pẹrẹsẹ lè tú àṣírí ara rẹ̀ lórí òkè kan ṣoṣo.

Bí gbígbọ̀n bá wà nígbà gbogbo, lójú kan àti lórí ìrìn, ó ṣeé ṣe kí sílíńdà kan ti dákẹ́ pátápátá. Wíwá sílíńdà náà kò ṣòro. Ẹ́ńjìnnì á wà ní síló, wọ́n á yọ wáyà kékeré orí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dá a padà. Bí wọ́n bá yọ ti sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́, ìró ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, gbígbọ̀n á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá yọ ti èyí tó ti dákẹ́, nǹkan kan kò ní yí padà. Ẹnu ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan mọ, nítorí pé epo tí kò jó ń wọ sàlẹ́ńsà nígbà náà. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo wáyà púlọ́ọ̀gì gígùn, kò bọ́gbọ́n mu láti fi ọwọ́ lásán fa wáyà náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: iná inú rẹ̀ lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀.

Ká ní sílíńdà kejì ló dákẹ́. Ṣíṣe pààrọ̀ ipò ló kàn. Wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbé kọ́ìlì kejì sí ipò ẹ̀kẹta, wọ́n á gbé ti ẹ̀kẹta sí ipò rẹ̀. Bí sílíńdà kẹta bá wá ń dákẹ́, kọ́ìlì ló jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kejì náà ni, kọ́ìlì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, wọ́n á sì fi púlọ́ọ̀gì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdánwò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, síbẹ̀ ó sàn ju ríra kọ́ìlì mẹ́rin tókùnbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ sẹ́yìn.

Nínú Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó pọ̀ lójú pópó, kọ́ìlì mẹ́rin ló tò sórí ẹ́ńjìnnì, bóòtù kan tó ń lo sípánà 10 ló sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Púlọ́ọ̀gì wà ní ìsàlẹ̀ ihò jíjìn. Rọ́bà kọ́ìlì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ títí á fi gbá orí púlọ́ọ̀gì mú, ọwọ́ sì máa ń mọ̀ ọ́n nígbà tó bá gbá a. Ike tó ń ti wáyà mọ́ kọ́ìlì ti gbẹ nínú ooru fún ọdún púpọ̀, ó sì máa ń ṣẹ́ bí wọ́n bá fà á. Lẹ́yìn tó ti ṣẹ́, wáyà á jókòó bí ẹni pé ó wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti mì ín, á yọ díẹ̀. Púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ ní tángaran funfun lára. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá dagun nígbà tí wọ́n ń dì í, tángaran náà á sán ní ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ìlà dúdú á hàn níbẹ̀, ọ̀nà tí iná ń gbà sá jáde nìyẹn. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì fún ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1.1. Bí púlọ́ọ̀gì bá já bọ́ lọ́wọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ẹnu rẹ̀ lè pa dé, kò sì yẹ kó wọ inú ọkọ̀ láìtún un wọ̀n. Orí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ alumíníọ̀mù, irin tó rọ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí púlọ́ọ̀gì wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, títí tó fi jókòó, kí sípánà tó dé ibẹ̀. Bí òróró bá sì wà nínú ihò púlọ́ọ̀gì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìbòrí ẹ́ńjìnnì ń jò, òróró náà á sì ba rọ́bà kọ́ìlì tuntun jẹ́ bó ṣe ba ti àtijọ́ jẹ́.

Ojú púlọ́ọ̀gì tí wọ́n yọ tún jẹ́ ẹ̀rí. Bí ó bá ní àwọ̀ eérú tàbí ti ilẹ̀ gbígbẹ, sílíńdà rẹ̀ ń jó dáadáa. Dúdú gbígbẹ bí èédú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá tutù tó sì ń rùn bí bẹntiróòlù, epo dé, iná ni kò ṣẹ́. Funfun báláú ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí pé epo kò dé tó.

Afẹ́fẹ́ tó ń jò ló máa ń gba àkókò jù láti rí. Nínú ọkọ̀ òde òní, wáyà kan tó tín-ín-rín wà lẹ́yìn fílítà afẹ́fẹ́. Iná ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá sì ń mú un tutù. Bíréènì bọ́kìsì, ìyẹn ọpọlọ ọkọ̀, ń wo bí iná tó ń gbà á ṣe pọ̀ tó láti mú un gbóná, ó fi ń mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wọlé, ó sì ń bu epo tó bá a mu. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibòmíràn wọlé kò kọjá lára wáyà yìí, ọpọlọ ọkọ̀ kò mọ̀ pé ó wà, kò sì bu epo fún un. Ẹni tó pààrọ̀ fílítà lásán lè fa ìpàdánù iná báyìí bí kò bá rọ họ́ọ̀sì ńlá ẹnu fílítà dáadáa. Nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa bá gba ojú ọ̀nà, fílítà tí etí rẹ̀ kò jókòó ń jẹ́ kí eruku lẹ̀ mọ́ wáyà náà. Ìka ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ó máa ń já.

Láti ara ìbòrí ẹ́ńjìnnì, họ́ọ̀sì rọ́bà kékeré kan wà tó ń gbé èéfín inú òróró padà sínú mánífóòdù, ìyẹn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, kí ó lè jó. Ìpẹ̀kun rẹ̀ ló máa ń ya, ní abẹ́, níbi tó ti tẹ̀ kọrọdọ. Láti òkè, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Àfi kí èèyàn fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká, kí ìlà yíya náà tó lanu. Etí lè gbọ́ ìró “fíì” níbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní síló. Omi díẹ̀ nínú ìgò ìfọ́n tún dára láti fi wá a: bí wọ́n bá fọ́n ọn sí ibi tó ń jò, omi á dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀, ìró síló á sì yí padà. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn ń fọ́n kẹ́míkà ìfọ̀kábúrétọ̀ síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbaná, irin gbígbóná àti iná púlọ́ọ̀gì sì wà nítòsí.

Epo kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nọ́súlù ló ń fọ́n ọn sínú ẹ̀ka mánífóòdù kọ̀ọ̀kan, rọ́bà roboto kékeré ló sì ń dí orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú rọ́bà wọ̀nyí bá gé nígbà tí wọ́n ń ti nọ́súlù wọlé, afẹ́fẹ́ á jò nísàlẹ̀, tàbí kí epo jò lókè. Èyí tó ń jò lókè ni kí wọ́n pa ọkọ̀ fún lójú ẹsẹ̀.

Bí wọ́n bá yọ bátìrì nígbà iṣẹ́ náà, ọpọlọ ọkọ̀ lè gbàgbé ohun tó ti kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì yìí. Síló lè máa lọ sókè sódò fún ìgbà díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fọ ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Wíwa ọkọ̀ káàkiri díẹ̀ sábà máa ń tó láti mú un padà bọ̀ sípò.

Ọkọ̀ àtijọ́ ní tirẹ̀. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, kò ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Wáyà mẹ́rin ló ń gbé iná láti ojú kan lọ bá púlọ́ọ̀gì. Ìtẹ̀léǹtẹ̀lé tí sílíńdà rẹ̀ fi ń gbaná ni 1, 3, 4, 2. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ jíà ni wọ́n ti ń ka sílíńdà Peugeot yìí, nígbà tó jẹ́ pé iwájú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti ń ka ti Toyota. Volkswagen Ìjàpá tún yàtọ̀, 1, 4, 3, 2 ni tirẹ̀. Ẹni tó yọ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà láìsàmì sí wọn lè so méjì kọ́ra, ọkọ̀ á sì máa bú gbàmù gba ẹnu kábúrétọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ wọn.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò kan lábẹ́ sítíárì, tí ẹ̀rọ kékeré lè ti ka àṣìṣe sórí fóònù. P0301 ń tọ́ka sí ìpàdánù iná ní sílíńdà àkọ́kọ́, P0304 sí ẹ̀kẹrin, P0300 sí èyí tó ń kárí. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Àmì wọ̀nyí ń sọ ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́ńjìnnì, wọn kì í sọ ẹ̀yà tó fi ìyà náà jẹ ẹ́. Ó bani nínú jẹ́ láti rí ẹni tó rí P0171 tó sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ sàlẹ́ńsà, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ náà ló ń sọ òtítọ́ nípa họ́ọ̀sì tó ya. Bí iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ṣẹ́jú dípò kó tàn gbọin, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní láti dẹ ẹsẹ̀, kó sì dúró. Epo tí kò jó ń lọ jó nínú kátálíìsì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń sọ èéfín di mímọ́, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí á fi dí sàlẹ́ńsà pa.

Bí iná, epo àti afẹ́fẹ́ bá pé, tí sílíńdà kan ṣì dákẹ́, ìfúnpọ̀ ló kù. Wọ́n á yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á de gééjì ìfúnpọ̀ sí ihò rẹ̀, wọ́n á sì yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kó ṣíná. Sílíńdà méjì tó fara kan ara wọn tí ìfúnpọ̀ wọn kéré ń tọ́ka sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, òróró ẹ́ńjìnnì ìwọ̀n ṣíbí kan ni wọ́n á dà sínú rẹ̀ kí wọ́n tó tún un wọ̀n: bí ó bá gòkè, òrùka písítìnì ló ti jẹ, bí kò bá yí padà, fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń pa ẹnu sílíńdà dé, ni kò pa dé. Bí gbogbo sílíńdà bá kéré lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì tàbí ṣéènì táímììnì, eyín kan ti fò, fáàfù sì ń ṣí kí àsìkò rẹ̀ tó tó tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n máa gbìyànjú láti ṣíná sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn písítìnì lè pàdé fáàfù kó sì tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á pa àmì àṣìṣe rẹ́, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ tutù di ọjọ́ kejì, wọ́n á ṣíná sí i ní òwúrọ̀, wọ́n á gbọ́ síló rẹ̀, wọ́n á sì wà á gun òkè kan. Wọ́n á tún ka àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àmì kankan kò bá yọ, tí síló dọ́gba, tí ọkọ̀ sì gun òkè láìjẹ́ẹ̀kì, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń gbaná.